Ẹ Bọ́ Ìbọ̀sẹ̀ Kí Dókítà Rí Ẹsẹ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, láti ìbàdí títí dé èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Kò sí ibi tí àwa Yorùbá ti ń pàdé ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland yìí, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ì báà ṣe ìpàdé ọmọ ìlú tàbí òde ìnáwó, tí ẹnì kan kò ní jókòó kó sì mí kanlẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ yìí mà ń ro mí o." Ìdáhùn tó máa gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹnì kan á ní iṣẹ́ ni. Ẹnì kan á ní àgbà ló ń dé. Ẹnì kẹta á ní làkúrègbé ni, á sì fa Aboniki yọ nínú báàgì. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn títí di ìpàdé mìíràn.

Mo fẹ́ kó má parí síbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ríro kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ lè fà á. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn lè fà á. Iṣan ìmọ̀lára, tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé iná jó wa tàbí ẹ̀gún gún wa, lè fà á. Oríkèé lè fà á, ẹran ara àti egungun náà lè fà á. Ohun tó tu ọ̀kan lára lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Fífi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó rẹ̀, oore ni. Fífi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀, ewu ni. Nítorí náà, ká tó wá oògùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin. Ìgbà wo ló máa ń ro mí? Kí ló máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibo ló sì ń gbà lọ? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bá dókítà ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Maryland ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú àwọn àgbà ní nursing home gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín. Tí ẹ bá ń wẹ àgbàlagbà kan, ẹ ó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè wò, ẹ ó wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Tí awọ bá ti ń yí padà níbì kan, ẹ ó pe nọ́ọ̀sì, ẹ ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo òru lẹ fi ń ṣe é, láti yàrá kan sí èkejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 16, ẹ ó délé, ẹ ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì wọlé sùn láì bojú wo ẹsẹ̀ tiyín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a mọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn yẹ̀ wò, a kì í yẹ tiwa wò. Tí a bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, orí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ la máa ń dúró sí, bàtà wà lẹ́sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà, a ó sì gba ìwé oògùn, a ó máa lọ.

Nínú gbogbo ohun tó ń mú ẹsẹ̀ ro, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé kì í pariwo.

Ẹnì kan gbé ọkọ̀ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, ó ń rìn lọ wọkọ̀. Kò rìn jìnnà tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ó le koko. Ó dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrora náà lọ pátápátá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nígbà tó sì rìn tó ìwọ̀n ti àkọ́kọ́, ó tún dé. Bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Òun á máa rò pé ara òun ti le nítorí àìṣeré ìdárayá. Àmọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sí ẹsẹ̀ ló ti ń dí. Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀ bí ìdọ̀tí ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi tó ti pẹ́. Nígbà tí èèyàn bá jókòó, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń rí àyè kọjá tó ẹsẹ̀ lò. Nígbà tó bá ń rìn, ẹsẹ̀ ń béèrè sí i, kò sì sí i. PAD ni àwọn dókítà ń pè é.

Àìsàn yìí ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń mú aláwọ̀ funfun, àwa náà ni wọ́n sì ń gé ẹsẹ̀ wa jù wọ́n lọ. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú káńtì tí a wà yìí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibòmíràn. Sìgá ni olórí ohun tó ń fà á, a sì lè dúpẹ́ pé kò pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ta ni kò sì ní ẹbí tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ń bá jà?

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá, wọ́n á wọn ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á wá wo bí ti ẹsẹ̀ ṣe tó sí ti apá. Tí èsì bá jẹ́ 0.90 tàbí tó kéré sí i, iṣan ti ń dí. ABI lorúkọ àyẹ̀wò náà. Ẹ dá a mọ̀, ẹ béèrè rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pẹ́ lára rẹ̀ ní láti kíyè sí ohun kan: iṣan rẹ̀ lè ti le gbagidi débi pé èsì náà á dà bí èyí tó dára nígbà tí kò dára. Ẹ ní kí wọ́n wọn ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kún un.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fúnni lè yani lẹ́nu: ìrìn ni. Èèyàn á rìn títí ìrora á fi dé, á sinmi títí yóò fi lọ, á tún rìn, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ á kọ́ láti fi ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń rí ṣiṣẹ́ dáadáa, ibi tí ìrora ti ń dé á sì máa sún síwájú. Láti ọdún 2017 ni Medicare ti ń san owó irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àmójútó àwọn oníṣẹ́ ìlera, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógójì láàárín ọ̀sẹ̀ 12, tí dókítà bá ti kọ ọ́. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí màmá yín ní Medicare, ẹ béèrè fún un, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni. Wọ́n á tún fún wọn ní oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní statin, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Tó bá wá dé bi pé ẹsẹ̀ ń roni lóru lórí ibùsùn, tó jẹ́ ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹsẹ̀ kọ́ sílẹ̀ ló tó rọlẹ̀, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń dúdú sí i, ìyẹn ti kọjá ohun tí a ń fi ọjọ́ sí. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Àìsàn kan wà tó jọ PAD púpọ̀, tó ń tan èèyàn jẹ. Ẹsẹ̀ ń ro onítọ̀hún tó bá ń rìn, ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tó bá sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìdúró lásán kò tó o, ó gbọ́dọ̀ jókòó tàbí kó tẹ̀ síwájú. Tó bá wọ Costco, tó di kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù mú, tó fara lé e, ó lè rìn yí gbogbo ilé ìtajà náà po láì ní ìrora. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni tirẹ̀ ti wá. Ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá nínú egungun ẹ̀yìn ti há, bó bá sì ṣe tẹ̀ síwájú, àyè á ṣí díẹ̀. Oògùn iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣe é ní oore kankan. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ló nílò, nígbà mìíràn àwòrán MRI. Ti ẹ̀yìn náà ni èyí tó ń gba ìdí wá sí itan títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná bá ń ṣá ni, tó wọ́pọ̀ lára àwa tí a ń gbé aláìsàn kúrò lórí ibùsùn sórí àga. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí èèyàn kò bá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, tó ń rìn bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ṣùgbọ́n tí abẹ́ bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò ṣeé tọ̀ tàbí tí kò ṣeé mú dúró, ẹ má sùn mọ́jú lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtọ̀ ṣúgà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, èyí tó gùn jù ló sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń mú pọ̀, láti orí ọmọ ìka lọ sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta bí ẹni ń tẹ ẹ̀gún, á máa jó bí iná, pàápàá lóru. Aṣọ ìbora tó kàn án á dà bí ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń ké ìrora yìí ṣì lóríire, nítorí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ibi tí ewu wà gan-an ni ọjọ́ tí ìrora náà bá lọ fúnra rẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì kú. Ẹni náà á dúpẹ́ pé ara òun ti yá. Òkúta kékeré á wọ inú bàtà rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kò ní mọ̀. Á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná kí àárẹ̀ lè lọ, omi á bó o, kò ní mọ̀. Ìgbà tí ìbọ̀sẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ egbò ni yóò rí i.

Àwọn àgbà wa nílé máa ń sọ nípa irú egbò bẹ́ẹ̀ pé onítọ̀hún tẹ nǹkan ni, pé ẹnì kan ló dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún un. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí dókítà kọ́kọ́ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ẹsẹ̀ náà. Tí àdúrà bá wà níbẹ̀, kó máa lọ pẹ̀lú ìtọ́jú. Mo ti rí i tó jẹ́ pé oṣù tí a fi ń wá ẹni tó dẹ nǹkan sílẹ̀ ni oṣù tí ìtọ́jú ì bá fi gba ẹsẹ̀ là.

Ohun kan tún wà níbí tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Àyẹ̀wò A1C ni wọ́n máa ń fi mọ bí ṣúgà èèyàn ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní genotype AS. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé A1C ẹni tó jẹ́ AS lè kéré ju bí ṣúgà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó gan-an lọ. Èsì á ní kò sí nǹkan, nǹkan á sì wà. Ti ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣeé gbára lé rárá. Dókítà Amẹ́ríkà kì í sábà béèrè genotype àgbàlagbà, ṣùgbọ́n àwa mọ tiwa láti ìgbà tí a ti fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ sọ ọ́ fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, kí ẹ sì ní kó fi àyẹ̀wò ṣúgà mìíràn kún un. Ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ SS tàbí SC, tó ń ní ìrora ní ìbàdí tàbí ní itan tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ má kàn pè é ní ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáá. Orí egungun itan lè máa kú nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọ́jú rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, lálaalẹ́ ni kó máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kó fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò bá lè tẹ̀ ba, tàbí kó ní kí ọmọ bá òun wò ó. Kó máa gbọn bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, títí kan inú ilé. Kó fi ìgúnpá tọ́ omi wò kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òrí dára fún ẹsẹ̀ tó gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe sáàárín ọmọ ìka. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí dókítà fi okùn ọ̀rá tín-ínrín kan tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ káàkiri láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí ẹ jókòó de dókítà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síta. Kò sí dókítà tó máa wọlé tó máa rí ẹsẹ̀ lásán tí kò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ní kí n sọ ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní November 2021, ọkọ̀ òfuurufú United bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Dulles lọ tààrà sí Lagos. Ìrọ̀rùn ńlá ni, kò sí dídúró ní Frankfurt tàbí London mọ́. Ṣùgbọ́n ó ju wákàtí mẹ́wàá lọ lórí ìjókòó tóóró, pẹ̀lú eékún ní kíká. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gòkè padà sí ọkàn lè dúró sínú ẹsẹ̀ kó sì dì. Ewu náà ń pọ̀ sí i lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen, ẹni tó sanra, àti ẹni tó ti ṣe rí. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan, kì í sábà ṣe méjèèjì, á wú, á gbóná, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa ro. Nílé, ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe ni pé ká gbé omi gbígbóná àti aṣọ, ká máa tẹ ẹsẹ̀ náà, ká máa fi ọwọ́ fà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já, kó gba ọkàn kọjá, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ló ti ń pani.

Serena Williams, gbajúgbajà eléré tẹníìsì, ti kojú rẹ̀. Ní 2011, ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní September 2017, lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀bí rẹ̀, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó sì sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé òun mọ ohun tó ń ṣe òun. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan. Ó takú pé kí wọ́n yàwòrán ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n yà á, ẹ̀jẹ̀ dídì wà níbẹ̀. Tí gbajúgbajà bíi tirẹ̀ bá ní láti takú kí wọ́n tó gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ takú. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ dìde rìn tí wọ́n bá ti gbà kí èèyàn dìde, ẹ máa na ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó, ẹ mu omi. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 15 sí 20 mmHg sí lára, wúlò fún ìrìn àjò àti fún ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan àlọ rẹ̀ bá ti dí, irú tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó má wọ̀ ọ́ láì bi dókítà, nítorí ó lè dí ìwọ̀nba tó kù. Kí n tó kúrò lórí ẹsẹ̀ wíwú: ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń rí i tí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ń wú. Oògùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù. Ọkàn àti kíndìnrín náà lè wú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò.

Ti oríkèé ni ẹ mọ̀ jù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Eékún tó ń dún tó sì ń le láàárọ̀ nílò kí ẹran itan tó gbé e dúró lágbára, kí ìwúwo ara sì dín. Bí kìlógíráàmù kan bá kúrò lára, bíi mẹ́rin ló ń kúrò lórí eékún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gout ní tirẹ̀ máa ń já lu àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lóru, á wú, á pupa, kò ní gbà kí aṣọ kàn án. Ó jọ mí lójú pé káńtì wa yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1696, gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Prince George ti Denmark, ọkọ Queen Anne ti England. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dé Anne ládé ní 1702, inú àga ni wọ́n ti gbé e lọ sí Westminster Abbey, nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n ní gout ń jà kò jẹ́ kó lè rìn. Kò tíì sí oògùn tó ń dín uric acid kù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Lónìí ó wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fara da gout lọ́dọọdún.

Oògùn inú àpótí ni mo fẹ́ bá yín sọ gan-an. A máa ń bọ̀ láti Lagos pẹ̀lú diclofenac àti ibuprofen rẹpẹtẹ. Àwọn méjèèjì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n ń pa kíndìnrín lára, pàápàá tí èèyàn bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé e mì lójoojúmọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ń fi kíndìnrín rẹ̀ san gbèsè ẹsẹ̀. Cipro náà wà níbẹ̀, tí a ń lò láìbéèrè fún inú rírun. Láti 2008 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fi ìkìlọ̀ tó le jù sára Cipro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n lè mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ já. Ní 2022, FDA kan náà kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ fún oríkèé, nítorí wọ́n bá diclofenac àti dexamethasone nínú rẹ̀ tí wọn kò kọ sára páálí. Tí àgbo kan bá lé ìrora eékún lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Egbò kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí pápá bọ́ọ̀lù ní Landover lè rántí 18 November 2018, nígbà tí ẹsẹ̀ Alex Smith, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Washington, ṣẹ́ níbẹ̀ tí egungun sì la awọ jáde. Ṣíṣẹ́ náà kọ́ ló fẹ́ pa á, kòkòrò àrùn tó wọ ojú egbò ni, tó ń jẹ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n rò ó bóyá kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ abẹ 17 ni wọ́n ṣe fún un, ó sì padà gbá bọ́ọ̀lù ní October 2020. Awọ tó ń yí padà àti ara tó ń gbóná ni wọ́n fi mọ̀ pé kòkòrò ti wọlé. Tí ìrora egbò bá pọ̀ ju bí egbò náà ṣe tóbi lọ, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

911 ni kí ẹ pè tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé tutù, tó ń ro gidigidi, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tí kò ṣeé gbé. Wákàtí díẹ̀ péré ló wà láti gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ là. Ẹ pè é tí ẹsẹ̀ wú, tí èémí sì ń há tàbí àyà ń dunni. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Largo láti 2021, èyí tó rọ́pò ti Cheverly, wà láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ni Doctors Community wà ní Lanham. Ẹ̀ka pàjáwìrì kò lè dá ẹnikẹ́ni padà nítorí kò ní inṣọ́ráǹsì. Fún àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kánjúkánjú tó bẹ́ẹ̀, Maryland Health Connection ni ibi tí ẹ ti lè wá inṣọ́ráǹsì. Òfin ìpínlẹ̀ yìí sì gba èèyàn láyè láti lọ bá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì láì gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inṣọ́ráǹsì yín lè béèrè ìwé náà kó tó sanwó.

Fún ẹ̀yin tí màmá yín wá láti ilé láti bá yín tọ́mọ, tí ẹsẹ̀ ń ro ó tó sì ń sọ pé ọmọ òun má nawó lórí òun: ẹ kó gbogbo oògùn tó mú wá sínú àpò kan, ẹ gbé e dání lọ bá dókítà. Tí òyìnbó kò bá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi ọmọ yín tó ṣì wà ní ilé ìwé ṣe ògbufọ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́ ni kí ẹ ti sọ pé ẹ nílò ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Orí fóònù ni wọ́n sábà máa ń gbé ògbufọ̀ náà sí, màmá á sì sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé ìwòsàn ló ń san owó ògbufọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.